Ta ló mọ ibi tí Odò Àlà ń lọ tó bá jáde l'Ákùrẹ́?

Ìyá Tólú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n fún ọmọ mi tó wà ní práímárì 5 ní họ́ọ̀mù-wọ́ọ̀kì pé kó kọ orúkọ odò àti igbó ọba (igbó tí ìjọba ń dáàbò bò) tó wà ní ìpínlẹ̀ Ondó, ó bi mí, mo ní Àlà, mo ní Ọ̀wẹ̀nà, ó tán. Ó tún wá bi mí pé Àlà tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa yìí, ibo ló ń lọ gan-an, ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Odò tí mo pọn, tí mo fọṣọ nínú ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, tá a máa ń rí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá sábẹ́ òkúta! Ní báyìí náílọ́ọ̀nù àti páńpáàsì ló kúnbẹ̀, mi ò lè jẹ́ kí ọmọ mi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé fún mi, kẹ́ ẹ sì bá mi dárúkọ igbó tí mo lè mú un lọ wò ní Sátidé, tí ò jìnnà jù.

Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀:
Mà, odò wa ló ń lọ bá o. Inú Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni Àlà ń wọ̀. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fúnra ẹ̀, láti Èkìtì ló ti ń bọ̀, òun náà lẹ máa ń gun afárá ẹ̀ kọjá tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ọ̀wọ̀, odò yẹn ló fún ìlú wa lórúkọ. Ó ń ṣàn lọ bá Ọ̀sẹ̀, Ọ̀sẹ̀ a wá kó gbogbo ẹ̀ wọ ilẹ̀ Ẹdó, àwọn yẹn ń pè é ní Ovia, ó di òkun. Ohun tí wọ́n bá dà sí Àlà l'Ákùrẹ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló máa rí i. Tójò bá rọ̀ mọ́jú ẹ wá wo etí odò tiwa náà, ike lọ́tùn-ún ike lósì, apẹja á fa àwọ̀n, ike ló máa bá a jáde. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà níbí o, mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń ju náílọ́ọ̀nù sódò mọ̀ pé kò pòórá, ilé ẹlòmíì ló lọ.

Igi Arère:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà. Fọ́rẹ́sítírì, ẹ̀kọ́ nípa igbó, ni mo kà ní FUTA, yunifásítì tó wà l'Ákùrẹ́, ibi tí màá ní kẹ́ ẹ lọ ni Queen's Plot, inú igbó ọba Àkúrẹ́ ló wà, lọ́nà Ondó, níhà Apọ́nmù. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ máa rí, ẹ máa rò pé ẹ ò tíì wọ igbó, bẹ́ẹ̀ ẹ ti wà nínú igbó ọba látàárọ̀. Tọ́ńgíyà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbi púpọ̀: wọ́n ní kí àgbẹ̀ gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín igi tíìkì àti mẹ̀láínà tó ṣì kéré, kó máa bá wọn ro ó, tígi bá ti ṣíji bolẹ̀ kó kúrò. Iṣu ń tán lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ri kòkó mọ́lẹ̀, ta ló máa lé e? Àwọn agégẹdú náà ò sì sùn. Inú Queen's Plot ni òfin ò ti gbà kí wọ́n gé nǹkan kan rárá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọbẹ̀ ọ̀sán gangan ni, ó ṣú bí ìrọ̀lẹ́, òtútù ń mú mi, ìdí arère kan wà níbẹ̀ tí àwa mẹ́ta dìrọ̀ mọ́ tí ọwọ́ wa ò kàn. Ewé tó jẹrà sílẹ̀ ti nípọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ ó rọ̀ bíi fóòmù, òun ló ń gba òjò dúró tó wá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò, tí odò fi ń rí omi lọ́yẹ́. Tí wọ́n bá ti gégi tán, òjò kan náà á ya wọlé onílé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn odò á gbẹ. Bóyá ìdí tí tíṣà fi ní kó kọ odò àti igbó pọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì fọ́rẹ́sítírì, ẹ má dá wọ̀ ọ́.

Ará Ìdànrè:
Ẹ fi igbó ọba Olúwa, ti Ìdànrè àti ti Ìfọ̀n kún họ́ọ̀mù-wọ́ọ̀kì yẹn. Ìnàkí wà ní ti Ìfọ̀n, ó sì wù mí kọ́mọdé mọ̀ pé a ní in, àmọ́ ẹ má gbé ọmọ gba ọ̀nà yẹn lásìkò yìí mà, nítorí àwọn ajínigbé. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa, àtẹ̀gùn òkè wa ju 600 lọ, tẹ́ ẹ bá dókè ẹ máa rí igbó tó lọ súà.

Ìyá Tólú:
Ẹ ṣé gan-an, ó ti fà á sínú ìwé ẹ̀ pé Àlà, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Ọ̀sẹ̀, òkun, ó sì ti fi péńsù ya ẹja sí i. Ó ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ẹ jọ̀ọ́, ibo la lè páàkì mọ́tò sí nítòsí afárá?

Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀:
Ẹ má dúró lórí afárá o, tírélà ń sáré níbẹ̀. Ẹ wọnú ìlú wá, ẹ páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ká jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sétí odò. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wá, kí oòrùn tó le.