Ẹ bá mi dá orí rélùwéè kékeré yìí mọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Orí rélùwéè ìṣeré kékeré kan tẹ̀ mí lọ́wọ́, irin ni gbogbo ara rẹ̀. Àlàfo àárín wíìlì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5, irin pẹlẹbẹ tó ń fa iná láti ojú irin àárín sì wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ Meccano tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé Hornby Dublo ni, ìyẹn irú rélùwéè ìṣeré tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1938. Ṣé ti ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni àbí tẹ̀yìn ogun náà? Kí ni kí n wò?

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó sán sí i lára lẹ́bàá ṣímínì. Síńkì ni wọ́n máa ń fi ṣe ara irú wọn, síńkì tí òjé bá sì dàpọ̀ mọ́ máa ń wú, á sì fọ́ tó bá yá. Ṣé ó ṣeé dá dúró? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tún un kùn. Ọ̀dà àtijọ́ yẹn wù mí gan-an.