Etí ọmọ tuntun kéré, kò sì níhò: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Morẹ́nikẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Etí ọ̀tún rẹ̀ kéré, ó ká jọ, kò sì níhò. Microtia àti atresia ni wọ́n pè é. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ di ìgbà tó bá dàgbà. Ṣé ká kàn máa wò ó títí dìgbà yẹn? Ìyá ọkọ mi sì ń bi mí ohun tí mo jẹ nínú oyún.

Àǹtí Bísí (yàrá àyẹ̀wò etí ni mo ń bá ṣiṣẹ́): Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹwà etí lè dúró, ìgbọ́ràn ò lè dúró. Ẹ béèrè àyẹ̀wò ABR báyìí, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn. Etí méjèèjì ni kí wọ́n yẹ̀ wò o, títí kan èyí tí kò níhò. Inú etí lọ́hùn-ún sábà máa ń dáa; ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé ló dí. Ẹ̀rọ kan wà tó ń mi eegun orí kí ohùn lè débẹ̀ láì gba ihò kọjá. Ọmọ oṣù díẹ̀ lè lò ó lórí ọ̀já rírọ̀. Èyí tí wọ́n ń rì mọ́ eegun, ó sábà máa ń di bí ọdún 5, kí eegun ti nípọn.

Bó bá jẹ́ etí méjèèjì ló dí, kò sí ìdúró rárá, torí ọ̀rọ̀ sísọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tún fi àwòrán wo kíndìnrín rẹ̀. Ti oúnjẹ oyún yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á.

Bàbá Tádé: Eegun rírọ̀ ìhà ni wọ́n fi ṣe ti ọmọ wa. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí etí, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ. Àwọn dókítà kan ń ṣe é láti bí ọdún 6; àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà dókítà Nagata ń dúró di bí 10, kí àyà ọmọ ti tó 60 sẹ̀ǹtímítà yíká. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ṣe é. Ìhà ló dun ọmọ jù, kì í ṣe etí.

Ìyá Ìbejì: Medpor làwa lò, ike ni. Wọ́n lè ṣe é láti bí ọdún 3, wọn ò sì fọwọ́ kan ìhà. Ṣùgbọ́n bó bá yọ síta lára awọ, wàhálà ni. Eegun ara ẹni máa ń jinná jù ú lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa la ihò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló bá mu. Àwòrán CT, tó ń fi inú eegun etí hàn, ni wọ́n fi ń fún etí ní máàkì nínú 10, kí wọ́n lè mọ èyí tó bá mu. Bó bá jẹ́ eegun ìhà, etí ló sábà máa ń ṣáájú ihò, kí àpá má ba awọ tí wọ́n máa lò jẹ́. Bó bá jẹ́ Medpor, ihò lè ṣáájú. Kí dókítà tó máa ṣe etí àti èyí tó máa la ihò ti fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ!

Ìyá Morẹ́nikẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè wọ́n nítorí ABR. Ọ̀já yẹn ńkọ́, tó bá ń mu ọmú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀rọ orí ọ̀já náà máa ń súfèé bó bá kan ara yín. Ẹ fà á sí iwájú orí rẹ̀, á ṣì gbọ́ràn.