Ṣé asẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun lè mú kí Corolla mi lágbára sí i?

Olùbéèrè, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Corolla 2003 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnì 1.8, tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 130 nígbà tó wà ní tuntun ní Amẹ́ríkà. Tokunbọ̀ ni mo rà á. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù, tí mo tilẹ̀ tẹ iná dé ilẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ náà ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Oníṣòwò kan wá fi asẹ́ afẹ́fẹ́ ṣóńṣó kan hàn mí pẹ̀lú páìpù dídán tó gùn níwọ̀nba, ó ní bí mo bá lè tú àpótí asẹ́ tó bá ọkọ̀ wá dànù, tí mo sì de tirẹ̀ mọ́ ọn, n óò rí agbára ẹṣin 15 sí i. Owó tó pè é kò kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn:
Àbúrò, má tíì sanwó. Pẹtiróòlù kì í dá jó. Bí ẹ́ńjìnì bá fẹ́ jó epo kílò kan, afẹ́fẹ́ kílò bíi 14.7 ló ń pò mọ́ ọn, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i lóòótọ́, agbára lè pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ oníṣòwò yẹn parí sí. Lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, àwo pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, òun ni ẹsẹ̀ rẹ ń ṣí nígbà tí o bá tẹ iná. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, díẹ̀ báyìí ni àwo náà ń ṣí, òun gan-an ló sì ń dènà afẹ́fẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń pààrọ̀ asẹ́ nítorí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń mú géètì ọgbà fẹ̀ sí i nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. Ìgbà tí o bá tẹ iná dé ilẹ̀ nìkan ni asẹ́ ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹ́ńjìnì 1.8 tó ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ń fa afẹ́fẹ́ bíi lítà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú náà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì ti ṣírò ìyẹn kí wọ́n tó ṣe àpótí tí o fẹ́ tú dànù.

Ooru tún wà níbẹ̀. Àpótí ti tẹ́lẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ṣùgbọ́n asẹ́ ṣóńṣó aláìlápòótí a máa jókòó sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ráídétọ̀ ń fẹ́ ooru sí. Mo fi ẹ̀rọ scan wo ti oníbàárà mi kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mókọ́lá: ìwọ̀n ooru ìta jẹ́ 34, ti afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà jẹ́ 61. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan mú ohun tó lé ní ìdá 8 nínú 100 kúrò lára ìwúwo rẹ̀. Lóòótọ́, ooru náà ń lọ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fowó rà nìyẹn.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Abẹ́òkúta:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà pátápátá. Mo ní irú rẹ̀ nínú Accord mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ náà jí.

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn:
Mo gbà pé o gbọ́ ọ. Àpótí ti tẹ́lẹ̀ wà fún pípa ariwo afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Bí o bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì á máa bú ramúramù, etí á sì sọ fún ara pé eré ti pọ̀. Fi aago wọ̀n ọ́n láti orí 40 dé 100, kí o tó dé e àti lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Manchester:
Golf GTI ni tèmi, ó sì ní turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì. Mo gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀ níbí. Kí n tó tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ṣe, ìyàtọ̀ tí asẹ́ tuntun mú wá kò ju èyí tó wà láàárín ìwọ̀n méjì tí a ṣe fún ọkọ̀ kan náà láìfọwọ́ kan nǹkankan. Ìgbà tí a yí ètò náà padà, tí turbo bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ gidi, ni páìpù ńlá wá wúlò. Corolla tí kò ní turbo kò sí nínú irú ìyẹn.

Ìyá oníbejì, Lẹ́kí:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá ń ronú àtirí afẹ́fẹ́ tútù nípa fífa páìpù gígùn dé ẹ̀yìn bọ́ńpà. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, omi tí kò ju orókùn lọ ni ọkọ̀ náà wọ̀, asẹ́ fa omi, omi kì í sì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ọ̀pá inú ẹ́ńjìnì méjì ló tẹ̀. Ẹ́ńjìnì odindi la rà.

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn:
Olùbéèrè, ọkọ̀ tó ń fà dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá di ọ̀lẹ láàárín oṣù mẹ́ta, nǹkan ló ń ṣe é. Ṣí àpótí yẹn ná.

Olùbéèrè, Ìkòròdú:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí i lánàá. Ewé máńgòrò gbígbẹ ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, asẹ́ náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Rọ́bà dúdú tó so àpótí mọ́ ẹ́ńjìnì ti ya ní abẹ́, níbi tí ojú kò tó, ẹnì kan sì ti fi sẹ́lótéèpù dì í nígbà kan rí. Mo pààrọ̀ asẹ́ àti rọ́bà náà. Láàárọ̀ yìí mo ya tírélà méjì sílẹ̀ láìgbàdúrà. Ṣé kí n fi pẹtiróòlù fọ sẹ́ńsọ̀ tó wà lórí àpótí náà, nítorí eruku ti bo òun náà?

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn:
Rárá o! Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì. Rọ́bà yíya yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣi epo wọ̀n. Oògùn tí wọ́n ń fín sí i wà lọ́jà fún un. Fín in, jẹ́ kí ó gbẹ, má sì fi ìka kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀.