Orin The Smiths àti ọ̀rọ̀ ẹnu Morrissey: níbo lẹ ti pàdé wọn?

Ọmọ Fọlágbádé, Ìjẹ̀bú-Òdè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ yìí níbi ìgbéyàwó kan, débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìyàwó. Lórí ẹgbẹ́ olórin òyìnbó kan ni, The Smiths, ará Manchester. Àwọn kan nínú wa kò lè ṣe kí wọ́n má gbọ́ wọn. Àwọn kan ní orin ẹni tí ayé sú ni. Àwọn mìíràn ní ìwà Morrissey, akọrin wọn, ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n: ní 1982 ni Johnny Marr, ọmọ ọdún 18, lọ kan ilẹ̀kùn Morrissey ní Stretford pé kí àwọn jọ máa ṣe orin. Marr ń ta gìtá, ó sì ń ṣe ohùn orin. Morrissey ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, òun ló sì ń kọ ọ́ lẹ́nu. Andy Rourke di báàsì mú, Mike Joyce jókòó sídìí ìlù. Rough Trade ló ń gbé orin wọn jáde, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú wọn ní índì. Àwo ńlá mẹ́rin ni wọ́n wọ sítúdíò ṣe, èyí àkọ́kọ́ ní 1984, èyí ìkẹyìn ní 1987, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì tú ká. Wọn ò kóra jọ mọ́. Rourke ti kú ní May 2023.

Ọdún tí bàbá mi kú ni orin wọn wọ̀ mí lára. Ẹ mọ bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń sin àgbà. A ra aṣọ ẹbí, a ta kánópì dí òpópónà, olórin kọrin títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, àwọn èèyàn náwó, wọ́n jó. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú rárá, bàbá mi tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ká kánópì tán, tí àwọn àǹtí mi padà sí Èkó, gbogbo ẹni tó bá pè mí ló ń sọ pé kí n mọ́kàn le, pé ẹkún ti tó. Mo padà sí họ́sítẹ́lì, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí. Alájọgbé mi ló ní orin yìí lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan ń kọrin pé òun dá wà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá tu òun nínú. Kò ṣèlérí pé yóò dára. Ohun tó gbà mí nìyẹn. Mo sunkún tẹ́rùn, mo bọ́jú, mo lọ sí kíláàsì. Ẹni tó bá ní orin ìbànújẹ́ ń ba ọkàn jẹ́, ọkàn tèmi ló tún ṣe, mo sì máa sọ ọ́ níbikíbi.

Kí n tó gbọ́ tiyín, èmi gbà pé àwọn orin náà ti kọjá ẹnu ẹni tó kọ wọ́n. Mi ò sì ní bo ohun tí Morrissey ti ń sọ láti ọdún mélòó kan wá mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ràn wọn tàbí ẹ ò fẹ́ràn wọn. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Bọ̀dá Ṣágámù

Àbúrò, kú ọ̀fọ̀ bàbá, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ò lè fara da ọkùnrin yẹn. Ọmọ iṣẹ́ kan tó wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé e sí i láàárọ̀. Màmá mi wá kí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Ta ló ṣe ọmọ yìí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni tèmi. Kì í ṣe pé mi ò gba orin ọ̀fọ̀. Orí àpàlà ni wọ́n tọ́ mi sí. Nígbà tí Ọrímolúsì Adéboyè ti Ìjẹ̀bú-Igbó wàjà ní 1955, Haruna Ishola tún orin tó ti kọ fún ọba náà ní 1948 gbé jáde. Èyí àkọ́kọ́ kò tà. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ló gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin ọ̀fọ̀: wọ́n á dárúkọ olóògbé, wọ́n á ki í, wọ́n á dárúkọ ọmọ àti ìyàwó, gbogbo ìlú á jọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ìbànújẹ́ tó ní olúwa ni. Ti Morrissey, ta ló kú? Èèyàn jókòó sínú yàrá, ó ń ṣọ̀fọ̀ ara rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí. Mo ní kí ọmọ náà pa á, kó fi orin tó ń múni ṣiṣẹ́ sí i.

Onígìtá Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohùn nìkan lẹ gbọ́. Ẹ ò tíì gbọ́ gìtá.

Mò ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ń bá àwọn olórin lọ sóde ní Ìpẹ́rù, Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù yín náà. Orí YouTube ni mo ti pàdé Marr, níbi tí mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń ta okùn òkè láìfi ìka gbá gbogbo okùn pọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọmọ ilé wa ni. Ó ń já okùn lẹ́yọ lẹ́yọ, ohùn kan ń lé èkejì, ó ga, ó mọ́, ó ń sáré láìkánjú, bí àwọn àgbà onígìtá jùjú àti háíláìfù ṣe máa ń ṣe é. Kì í dá gbogbo orin dúró kó lè fi ara rẹ̀ hàn. Nínú sítúdíò, á ta ọ̀kan, á tún ta òmíràn lé e, á tún lé òmíràn, títí etí ò fi ní mọ èwo ni èwo mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹwà wọn wà. Ẹnu ń sunkún, ìka ń jó. Marr kò bá Morrissey sunkún. Bó bá bá a sunkún ni, ohun tí Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù sọ ì bá jóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa lè gbọ́ ọ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí ayé ti fi sílẹ̀ lé orí ohùn tó ń fa ẹsẹ̀ ró, ara rẹ á dá sí méjì. Mo mú ọ̀nà ìta rẹ̀ kan, mo yí i díẹ̀, mo fi sáàárín orin ìyìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìjọ dìde. Ìyá Ìjọ fi ìborùn nu ojú mi, wọ́n ní Ẹ̀mí ń lò mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún Marr ní ẹ̀bùn náà.

Morrissey ti ń dá orin tirẹ̀ kọ láti 1988, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ sì gba ipò kìíní ní Britain. Mo ti gbọ́ ọ. Ohùn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bá a fa á kò sí níbẹ̀ mọ́.

Màmá Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò mọ̀ nípa gìtá o. Àbíkẹ́yìn mi ló ń gbọ́ wọn. Ó ti ṣe ìdánwò JAMB, kò rọ́wọ́ mú, ló bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Aládùúgbò ní kí n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbọ́. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní kó tú u fún mi. Ó ń sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì. Ó ní nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Britain, àti pé olórin náà wà nílé láìníṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, inú ìwé ló ń gbé. Mo wo ojú ọmọ mi, mo ní, "Ṣé bó ṣe ń ṣe ìwọ náà nìyẹn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Látìgbà tó ti di géńdé, a ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin òbí tó ń kà á, ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Àmọ́ tí ọmọ bá ti ń kọ oúnjẹ, tí kò sùn, tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi tì sọ́dọ̀ orin tàbí àdúrà nìkan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àró wà ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí wa.

Àǹtí Manchester, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òdè

Mo ka ti Màmá, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé gan-an, mà.

Tèmi le díẹ̀. Ìlú wọn ni mò ń gbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, òtútù àti òjò, mi ò mọ ẹnì kankan, orin wọn ló jẹ́ kí n rí ìlú náà bí ibi tí èèyàn lè gbé. Mo rìn lọ sí Salford Lads Club, níbi tí wọ́n ti ya fọ́tò tó wà nínú àwo wọn ti 1986. Ará Japan, ará Mexico, gbogbo wọn ló ń ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Èmi náà yà á, pẹ̀lú híjáàbù mi, mo fi ránṣẹ́ sílé, bàbá mi gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀.

Nígbà tó di May 2019, Morrissey bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú For Britain láyà rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dojú ìjà kọ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni. Kì í ṣe pé ẹlòmíràn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn; ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Merseyrail ká páálí ìpolówó àwo rẹ̀ kúrò ní àwọn ibùdókọ̀ wọn. Spillers, ṣọ́ọ̀bù àwo kan ní Cardiff, kò ta àwo rẹ̀ mọ́. Morrissey ní òun kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ jẹ́ kó wí tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ gan-an ṣí wá láti Dublin ni! Ọmọ àjòjì ni òun náà. Òun tó kọ́ mi pé ẹni tí kò níbì kan lè rí ibì kan nínú orin, òun ló wá ń bá àwọn tó fẹ́ tì mí síta rìn.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ mọ́. Ti èmi ni pé tí ohùn yẹn bá ti dún báyìí, báàjì yẹn ni mò ń rí. Mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi. Ó dùn mí, torí àwọn orin yẹn wúlò fún mi.

Onílù Ìpẹ́rù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Onílù ni mí. Mo ti bá ọ̀gá kan tí mi ò ní dárúkọ lọ sóde ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n náwó fún wa bí òjò, ilẹ̀ mọ́, ohun tó kàn wá kò tó owó ọkọ̀ ilé.

Torí náà, ẹjọ́ Mike Joyce ni mo fi mọ ẹgbẹ́ yìí, kì í ṣe orin wọn. Nínú owó tí àwo ń pa, Morrissey ń gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, Marr 40, Joyce 10, Rourke 10. Owó kíkọ orin wà lọ́tọ̀, ti àwọn méjì tó kọ ọ́ ni, kò sẹ́ni tó bá wọn jà sí ìyẹn. Joyce ní àwọn kò ṣàdéhùn 10 rí, pé ọgbọọgba ló yẹ kó jẹ́. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ gíga dá a láre, ó gba ìdá 25. Adájọ́ sọ̀rọ̀ sí Morrissey gan-an, pé kò ṣeé gbára lé. Morrissey pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún pàdánù ní 1998. Rourke ti gba owó díẹ̀ ṣáájú torí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, orí ìdá 10 ló sì gbà láti dúró.

Ẹni tó ń fi orin gbèjà ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, tó wá ń fún onílù rẹ̀ ní 10! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, kí báàjì kankan tó dé.

Bọ̀dá Ṣágámù

Onílù, o ṣeun. Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bí ẹ ṣe ní kí ọmọ túmọ̀ rẹ̀ yẹn, èmi náà máa ní kí ọmọ iṣẹ́ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bó bá tú u tán, tí mi ò sì gbà, màá sọ.

Ọmọ Fọlágbádé

Àǹtí Manchester, mi ò ní bẹ̀ yín kí ẹ padà gbọ́ ọ. Ohun tó ṣe é sí ẹ̀yin, sí èmi náà ló ṣe é. Ìdajì ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òdè ló jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ló sì sin bàbá mi. Mi ò ra àwo tuntun rẹ̀, mi ò sì ní san kọ́bọ̀ kí n lè wò ó lórí ìtàgé. Àwo mẹ́rin yẹn nìkan ni mi ò lè jọ̀wọ́, torí ìka Marr wà níbẹ̀, ìlù Joyce wà níbẹ̀, báàsì Rourke náà wà níbẹ̀, oṣù tí mo fi sunkún bàbá mi sì wà níbẹ̀. Kò dára kí gbogbo wọn bá báàjì kan lọ.

Onígìtá Ìlíṣàn, ṣé o lè ta wọ́n fún Bọ̀dá Ṣágámù láìsí ohùn?

Onígìtá Ìlíṣàn

Mo lè ta wọ́n dáadáa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ṣe ìdánrawò tán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ iṣẹ́ yẹn dání. Onílù Ìpẹ́rù, ìwọ náà máa bọ̀, ọgbọọgba la máa pín ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá fún wa.