Ọwọ́ ọmọ mi ò gbé látìgbà tí mo ti bí i, ṣé mo ṣì lè pẹjọ́?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, ọsibítù ìjọba ni mo bí sí, oṣù márùn-ún rèé. Ọmọ tóbi, èjìká ẹ̀ há, nọ́ọ̀sì ń fa orí ẹ̀ bí ẹni ń fa iṣu nínú ebè, mò ń pariwo pé kí wọ́n pe dókítà, wọ́n ní kí n panu mọ́. Látìgbà yẹn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kàn rọ ni, tí mo bá ń wọṣọ fún un èmi ni mo máa ń ki ọwọ́ náà bọ apá ẹ̀wù. Dókítà ní Ṣágámù ní iṣan tó gba ọrùn wá sọ́wọ́ ló fà, Erb's palsy. Owó ọkọ̀ tá a fi ń lọ síbi fisió (ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na ọwọ́ náà kó lè lágbára) nìkan ti fẹ́ pa wá.

Ìyá ọkọ mi ní ká fi f'Ọ́lọ́run, ọwọ́ tiẹ̀ kọ́ ló rọ ṣá.

Lọ́yà kan ní oṣù mẹ́ta péré lòfin fúnni láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, ẹlòmíì ní tí ìpalára bá ṣì ń bá a lọ ó lè yàtọ̀. Èwo ni ká gbà? Fáìlì mi tí mo bèèrè, wọ́n ní àwọn ò rí i. Ta ló ti lo Legal Aid Council rí, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn tí ò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́?