Ọjọ́ tá a rí igi nísàlẹ̀ erùpẹ̀ yìnyín n'Illinois

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Bọ̀dá mi ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ n'Ìbàdàn, mo sì máa ń tẹ̀ lé wọn lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ilẹ̀ pupa àti amọ̀, akọ òkúta lẹ máa bá. Ohun tí mo rò pé a máa bá náà nìyẹn nígbà tí mo dé Illinois tí mo bá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wo erùpẹ̀ tí yìnyín kó wá ṣiṣẹ́, àmọ́ a gbẹ́ kọjá 200 ẹsẹ̀ bàtà, a ò tíì kan àpáta.

Láyé ọjọ́un, yìnyín tó ga bí òkè ló wọ́ wá láti apá Kánádà, ó wá, ó yọ́, ó tún padà wá, gbogbo ohun tó bá lójú ọ̀nà ló ń lọ̀ mọ́ra, amọ̀, iyanrìn, òkúta ńlá, òkúta wẹ́wẹ́, ibi tó bá yọ́ sí ló dà wọ́n sí. Àdàlù yẹn ni wọ́n ń pè ní till.

Auger, irin lílọ́ tó ń yí wọlẹ̀, la kọ́kọ́ lò. Erùpẹ̀ ń gòkè bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti pò mọ́ra kó tó dé òkè, ẹ ò ní mọ èyí tó wá láti 40 ẹsẹ̀ bàtà yàtọ̀ sí ti 60. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpele kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀. Irọ́ ni! Ìgbà tí rígì sonic dé ni mo tó mọ̀. Òun ń gbọ̀n páìpù wọlẹ̀ ni, ó lè tó 150 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ilẹ̀ á wọnú páìpù láìdàrú, wọ́n á tú u sínú náílọ̀n gígùn, á ṣì gbóná tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án.

A la náílọ̀n. Till aláwọ̀ eérú ló wà lókè, ó le bíi bíríkì, mo kán ásíìdì sí i, ó hó ṣààà, torí ẹfun wà nínú ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú kan wà, igi wà nínú ẹ̀, tèèpotèèpo! Mo fi èékánná họ ọ́, ó rọ̀. Igi tó ti lé ní 20,000 ọdún o. Amọ̀ kan ló tún tẹ̀ lé e, mo kán ásíìdì síyẹn, kò hó rárá. Ọ̀gá wa obìnrin wò ó, wọ́n ní Sangamon nìyẹn, orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ àtijọ́ kan. Òjò ló ti fọ ẹfun inú ẹ̀ lọ, torí ilẹ̀ yẹn ti wà níta gbangba fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tí yìnyín tó ṣáájú yọ́, ní nǹkan bí 130,000 ọdún sẹ́yìn, kí ti ìkẹyìn tó wá bò ó mọ́lẹ̀. Ojú mi kún fómi, mi ò purọ́.

Iyanrìn tó gbomi dúró, tí wọ́n ń pè ní Mahomet, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá lágbègbè yẹn, èèyàn tó ń mu omi ẹ̀ ju 500,000 lọ, àkọsílẹ̀ ìpele la sì fi ń mọ ibi tó wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sẹ́ni tó bá fojú di kíkọ ìpele sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbẹ́ till ní East Anglia, lápá ìlà oòrùn England, ńkọ́, ẹ̀yin ará London, ṣé tiyín náà ń hó?