Àsè alẹ́ ní ilé oúnjẹ Shanghai: kí ni Mùsùlùmí lè jẹ níbẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní oṣù kẹwàá, àwọn tí mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn ní Ṣáínà fẹ́ gbà mí lálejò ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Shanghai, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ìbílẹ̀ ìlú náà gan-an. Mùsùlùmí ni mí. Èmi kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í mu ọtí. Kí ni mo lè jẹ níbẹ̀ tí wọn kò fi ní rò pé mo fojú di àsè wọn?

Ará Kétu:
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹran tí ojú rí kò lè tàn yín jẹ: hongshao rou, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n fi ṣúgà àti omi sóyà dúdú sè títí tó fi pọ́n tó ń dán, ẹ ó dá a mọ̀ lójú kan náà. Xiaolongbao ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń dì í, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ po lókè, wọ́n á sì fi ooru omi sè é nínú agbọ̀n ọparun. Bí ẹ bá gé e jẹ, omi ọbẹ̀ gbígbóná á tú jáde. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sè, tí omi rẹ̀ dì nígbà tó tutù, tí wọ́n wá gé e mọ́ ẹran inú rẹ̀, ooru ló sì ń yọ́ ọ. Kódà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ti akàn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Àmọ́ àsìkò akàn onírun ni ẹ ń lọ yìí. Wọ́n á gbé e wá lódindi, ẹ ó fi ọwọ́ ya á, ẹ ó sì ti ẹran rẹ̀ bọ fínígà dúdú tó ní atalẹ̀ nínú. Ìlànà Málíkì, ọ̀nà òfin Ìsìláàmù tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, kò ka akàn léèwọ̀.

Oníṣòwò Ṣàbẹ́:
Òótọ́ ni ará Kétu sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọtí ṣì kù. Wọ́n máa ń da ọtí ìrẹsì Shaoxing sí ẹja àti edé láti pa òórùn wọn, wọ́n tún máa ń rẹ adìẹ tí wọ́n ti bọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá ní tútù. Ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ sí adìẹ bíbọ̀ tí kò ní ọtí. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá jókòó. Olùgbàlejò ló ń yan oúnjẹ fún gbogbo tábìlì, oúnjẹ tútù ló sì ń kọ́kọ́ dé. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, ọtí, àti ẹran tí Mùsùlùmí kò dú. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè wọn fún alásè. Tèmi ni pé ọ̀wọ̀ ni èyí jẹ́ fún wọn, torí ó máa ń dun olùgbàlejò púpọ̀ bí àlejò bá jókòó ti àwo tí kò lè fọwọ́ kàn.

Ẹ̀fọ́ àti tofu, tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe tí ó sì dà bí wàrà wa, á wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí wọ́n bá gbé ife ọtí sókè láti kí yín, ẹ gbé ife tíì yín sókè. Kò burú lójú wọn. Ẹ má sì gún igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ní òró sínú ìrẹsì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú.